Olóòfà Kan Láàrin Ọgọ́rùn-ún

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ la gbé dé lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni, nítorí ilé la ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ láti Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní agbègbè Djougou, nínú ẹkùn Donga tí Bassila wà. Ẹ̀rọ náà ń wọn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ohun gbogbo wálẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí omi sì wọ inú ilẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa á wúwo díẹ̀ sí i, agbára rẹ̀ á sì lé díẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi náà sì fà, agbára náà á dín kù. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àkókò méjèèjì kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Doguè kò ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bonn àti ti Cologne ní ilẹ̀ Jámánì wá sọ́dọ̀ wọn lábẹ́ iṣẹ́ tí a pè ní IMPETUS, wọ́n sì ń wọn òjò, omi inú ilẹ̀ àti omi odò kékeré Aguima tó wà nítòsí.

Ọkàn ẹ̀rọ Djougou ni bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ìbú rẹ̀ tó 2.5 sẹ̀ǹtímítà, tí a fi mẹ́táàlì tí ń jẹ́ níóbíọ́ọ̀mù ṣe. Inú rẹ̀ ṣófo, kò sì fara kan ohunkóhun. Kò sí okùn tó so ó rọ̀, kò sí ẹsẹ̀ tó gbé e dúró. Agbára òòfà ló gbé e sókè. Òòfà náà ti ara ìṣàn iná mànàmáná wá, èyí tí a dá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú wáyà níóbíọ́ọ̀mù, tí a sì gé kúrò lára orísun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìṣàn yẹn a máa yípo láìdúró, láìrẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un. William Prothero àti John Goodkind ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní Yunifásítì California ní San Diego, ní ọdún 1968. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń béèrè ni òtútù líle, òtútù híílíọ́ọ̀mù olómi.

Báwo ni iná ṣe lè máa ṣàn láìrẹ̀? Kí sì ni ohun kékeré tó lè ba irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ jẹ́? Ìbéèrè kejì yìí gan-an ni a fẹ́ tú wò, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ya àwọn ọ̀mọ̀ràn lẹ́nu.

Ìṣàn tí kò rẹ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé wáyà tí iná ń gbà kọjá a máa gbóná. Ohun tó fà á ni pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń sáré nínú bàbà ń kọlu ohun tó wà lọ́nà wọn, agbára wọn sì ń di ooru. Ìdènà nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1911, Heike Kamerlingh Onnes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leiden, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, mú mẹ́kúrì tutù títí ó fi dé nǹkan bí 4.2 lórí ìwọ̀n Kelvin, èyí tí í ṣe 269 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius tí a ń lò. Wọ́n rí i pé ìdènà náà pòórá lójijì. Mẹ́táàlì tó bá wà ní ipò yìí ni àwọn tó ń ka Faransé ń pè ní supraconducteur. Nínú àkọsílẹ̀ wa yìí, a ó máa pè é ní adarí-iná aláìlédènà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé òjé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní 7.2 Kelvin, tánganran ní 3.7, níóbíọ́ọ̀mù ní 9.2. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí ná. Wúrà tí àwọn ọba fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ kò bọ́ sí ipò yìí, bí ó ti wù kí a mú un tutù tó. Fàdákà àti bàbà, tí wọ́n ń gbé iná dáadáa jù lọ nínú ilé wa, kò bọ́ sí i pẹ̀lú. Irin Ògún kò bọ́ sí i, àfi bí a bá fi agbára ńlá fún un pọ̀. Òjé tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, mẹ́táàlì rírọ̀ tí kò gbé iná dáadáa ní ojoojúmọ́, òun ló gbégbá orókè nínú òtútù. Ìwà tí nǹkan ń hù nínú ooru kò tó láti fi sọ ìwà tí yóò hù nínú òtútù.

Kí ni ìyípadà ipò?

Àwọn ìyá wa tí ń ṣe òrí ní Manigri mọ ìyípadà ipò ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà ọ̀yẹ́, òrí á dì. Bí oòrùn bá mú, á yọ́. Ohun kan náà ni, ipò rẹ̀ ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ń di yìnyín ní òdo Celsius. Ẹni tó bá sì da iyọ̀ sínú omi yóò rí i pé kò ní dì ní òdo mọ́, àfi kí a mú un tutù kọjá bẹ́ẹ̀. Níbi yìí la ti kọ́kọ́ rí i pé àdàlù lè sún ojú ààlà ìyípadà láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ìyípadà inú òjé tàbí níóbíọ́ọ̀mù yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn átọ́mù mẹ́táàlì náà kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Bí a bá wo mẹ́táàlì náà lójú lásán, kò sí ohun tó yí padà. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ló fi ọ̀nà ìgbésí ayé kan sílẹ̀ tí wọ́n mú òmíràn. Ó pẹ́ kí a tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọdún 1957 ni John Bardeen, Leon Cooper àti Robert Schrieffer ní Amẹ́ríkà tó là á yé ayé, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1972.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé, nínú òtútù yẹn, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í dá rìn mọ́. Èjì èjì ni wọ́n ń rìn. Bí ọ̀kan bá kọjá, àwọn átọ́mù á tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà tó gbà, bí ìgbà tí ẹnì kan bá la koríko gíga kọjá. Èkejì á sì rí ọ̀nà náà, á gbà á. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a lè pè ní ìpòyì, ó ń pòyì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nínú èjì kan, bí ọ̀kan bá ń pòyì sọ́tùn-ún, èkejì a máa pòyì sósì. Bí ọ̀kan bá kọrí sí ìlà-oòrùn, èkejì a kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo èjì inú mẹ́táàlì náà sì ń jó sí ìlù kan ṣoṣo. Láti tú èjì kan ká, agbára tó níye ni a gbọ́dọ̀ san. Agbára yìí ló dà bí odi yí ìlú náà ká. Ìkọlù kékeré lójú ọ̀nà kò lè san iye náà, nítorí náà ìṣàn wọn kò dúró.

Àbàwọ́n méjì, ìwà méjì

Kò jìnnà sí wa, ní Bassar lápá kejì ààlà, ní ilẹ̀ Tógò, àwọn ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún yọ́ irin láti inú òkúta. Wọ́n mọ ìdàrọ́, wọ́n mọ bí a ti ń yà á kúrò lára irin tó dára. Ìmọ̀ nípa ohun tí kò yẹ kó wà nínú nǹkan kì í ṣe ìmọ̀ tuntun ní agbègbè wa. Ẹni tó bá ní irú ìmọ̀ yẹn yóò rò pé àbàwọ́nkábàwọ́n tó bá wọ inú adarí-iná aláìlédènà ni yóò bà á jẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1959, Philip Anderson ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí átọ́mù àjèjì tí kò ní òòfà bá wà lọ́nà, ó dà bí òkúta láàrin ọ̀nà oko. Ó dínà fún àwọn méjèèjì bákan náà. Bí ọ̀kan bá yà fún un, èkejì náà á yà ní ọ̀nà tó bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu. Èjì kò tú. Ìyípadà ipò náà á ṣẹlẹ̀ níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí nítòsí rẹ̀. Mẹ́táàlì lè dọ̀tí gidigidi kó sì ṣì máa gbé iná láìsí ìdènà.

Átọ́mù olóòfà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Irin, máńgánísì, gadolíníọ́ọ̀mù: òun fúnra rẹ̀ ní ìpòyì tirẹ̀, ìpòyì ẹlòmíràn ló sì ń wò. Ó rọ̀ mọ́ ẹni tó ń pòyì sọ́tùn-ún, ó le mọ́ ẹni tó ń pòyì sósì. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń yí ìpòyì ọ̀kan padà. Ó dà bí ẹni tó bọ́ sáàárín ìbejì, tó kí Táyé, tó sì kọ ẹ̀yìn sí Kẹ́hìndé. Ohun tó so wọ́n pọ̀ gan-an ló fọwọ́ kàn.

Ní ọdún 1958, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Bernd Matthias, Harry Suhl àti Ernest Corenzwit ti fi èyí hàn. Wọ́n mú mẹ́táàlì lántánọ́ọ̀mù, wọ́n fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn mẹ́táàlì tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé èyí tí òòfà rẹ̀ lágbára jù ni yóò ṣe ìbàjẹ́ jù. Gadolíníọ́ọ̀mù ló ṣe é, kì í sì í ṣe òun ni òòfà rẹ̀ lágbára jù nínú ẹbí náà. Ìpòyì rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ipò àìlédènà náà tán. Ohun tí a fi ń mọ ẹni tí yóò tú èjì ká nìyí: ìpòyì rẹ̀, kì í ṣe bí ó ti lágbára tó.

Odi wó, ìlú kò tíì tú

Ní ọdún 1960, Alexei Abrikosov àti Lev Gor'kov ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe ìṣirò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àwọn olóòfà bá ń pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí a ti ń fi kún wọn ni ìwọ̀n òtútù ìyípadà ń lọ sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ó ń já wálẹ̀ kíákíá, títí yóò fi kan iye kan tí ipò àìlédènà kò lè sí mọ́ rárá, kódà nínú òtútù tí kò sí èyí tó jù ú lọ. Ẹ rántí iyọ̀ inú omi: iyọ̀ ń sún ààlà, àmọ́ yìnyín ṣì lè wà. Olóòfà ń sún ààlà títí ààlà fi parẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó jọni lójú jù nínú ìṣirò wọn ni èyí: kí iye náà tó pé, nígbà tí ó bá dé nǹkan bí 91 nínú 100 rẹ̀, odi agbára tó ń dáàbò bo àwọn èjì ti wó lulẹ̀ tán. Síbẹ̀ iná ṣì ń ṣàn láìsí ìdènà. Odi ti wó, ìlú kò tíì tú. Títí di ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀ràn ti gbà pé odi yẹn gan-an ló ń mú kí ìṣàn má ṣe dúró. Nígbà tí Frederick Reif àti Michael Woolf wọn òjé tó ní gadolíníọ́ọ̀mù nínú àti índíọ́ọ̀mù tó ní irin nínú, ní 1962, wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tó so àwọn èjì mọ́ra jinlẹ̀ ju odi lọ: ìṣọ̀kan ìjó wọn ni.

Àràmàǹdà mìíràn tún ń bẹ. Ní ọdún 1971 àti 1972, a rí mẹ́táàlì kan tí a pò láti ara lántánọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù, tí síríọ́ọ̀mù díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń mú un tutù, ìdènà rẹ̀ pòórá. Wọ́n mú un tutù sí i, ìdènà padà dé. Bí òtútù ṣe ń pọ̀ ni agbára síríọ́ọ̀mù láti tú èjì ká ń pọ̀. Ní 1977, a tún rí irú rẹ̀ nínú àpòpọ̀ ẹ́bíọ́ọ̀mù, ródíọ́ọ̀mù àti bórọ́ọ̀nù. Ó di aláìlédènà ní 8.7 Kelvin, ó sì pàdánù ipò náà ní nǹkan bí 0.9 Kelvin. Nínú èyí, àwọn átọ́mù olóòfà kì í ṣe àlejò, onílé ni wọ́n, wọ́n sì pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí oníkálukú wọn kọjú síbi tó wù ú, àwọn èjì ń gbé pẹ̀lú wọn ní àlàáfíà. Ọjọ́ tí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn èjì tú ká.

Ibi tí àlejò jókòó sí

Ní ọdún 1997, Ali Yazdani, Donald Eigler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí IBM fi átọ́mù kọ̀ọ̀kan lé orí níóbíọ́ọ̀mù, irú mẹ́táàlì tí a fi ṣe bọ́ọ̀lù Djougou, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ìwádìí tó mú ṣáṣá yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí átọ́mù máńgánísì tàbí gadolíníọ́ọ̀mù wà, wọ́n rí ọgbẹ́ nínú ipò àìlédènà, ní àyíká átọ́mù náà gan-an. Níbi tí átọ́mù fàdákà wà, wọn kò rí ohunkóhun.

Kí a má wá yára dájọ́ pé gadolíníọ́ọ̀mù burú níbi gbogbo. Láti 1987 ni a ti mọ àpòpọ̀ ítríọ́ọ̀mù, bàríọ́ọ̀mù, bàbà àti ọ́síjìn tó ń di aláìlédènà ní nǹkan bí 93 Kelvin, tí náítírójìn olómi, tó rọrùn láti rí ju híílíọ́ọ̀mù lọ, sì tó láti mú un tutù. Bí a bá yọ gbogbo ítríọ́ọ̀mù inú rẹ̀, tí a fi gadolíníọ́ọ̀mù rọ́pò, ìwọ̀n ìyípadà rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Olóòfà kan náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lántánọ́ọ̀mù pẹ̀lú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà ló kún ibí yìí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdí ni pé àwọn èjì ń jó lórí pẹpẹ bàbà àti ọ́síjìn, gadolíníọ́ọ̀mù sì jókòó láàrin pẹpẹ kan àti èkejì. Síńkì tí kò ní òòfà rárá, bí ó bá jókòó lórí pẹpẹ náà gan-an, yóò bà á jẹ́ ju níkẹ́ẹ̀lì tó ní òòfà lọ. Òfin Anderson kò dé ibẹ̀, nítorí irú ìjó tí àwọn èjì ń jó níbẹ̀ yàtọ̀.

Àwa ará Bassila, tí Anii, Nago, Fúlàní àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ń ná ọjà kan, yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé àjèjì ló ń tú ìlú, ẹ bi í léèrè: irú àjèjì wo, níbo ló jókòó sí, kí ló sì ń ṣe láàrin èjì? Mẹ́táàlì kò lè kọ́ wa bí a ti ń gbé ìlú, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ wa pé ká béèrè dáadáa kí a tó dájọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́

Bọ́ọ̀lù níóbíọ́ọ̀mù léfòó ní Djougou, ó sì ka omi wa, nítorí pé ẹnì kan mọ ohun tí kò gbọdọ̀ bá mẹ́táàlì náà pò. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀yà. Alexander Animalu, ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nsukka, òun àti Volker Heine gbé ìṣirò jáde ní 1965 nípa bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń bá àwọn átọ́mù mẹ́táàlì 25 lò. Ní ilẹ̀ wa níbí, láti 1988 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti físíìsì, Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques, ti wà, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Dangbo. Ọ̀nà láti Doguè dé Dangbo jìn, ṣùgbọ́n a lè fi ọjọ́ kan rìn ín.

Àwọn àgbà wa ní omi ò lọ́tàá. Àwọn tó wá wọn omi wa láti Bonn, Cologne àti Strasbourg ṣe iṣẹ́ tó dára, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ìwé yẹn ṣì ń dúró de ẹni tí yóò kà á ní èdè tí a fi ń pọnmi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní lise lónìí, tí olùkọ́ físíìsì yín bá mú òòfà dé kíláàsì, ẹ má kàn wo bí ó ṣe ń fa ìṣó. Ẹ bi í léèrè ohun tí ìpòyì jẹ́, kí ẹ sì wá sọ ìdáhùn rẹ̀ fún àwọn ará ilé ní èdè ilé.